Àkọsílẹ̀ Tí Ó Jóná àti Èyí Tí A Pa Rẹ́: Ìpàdánù àti Ìgbàpadà ní Ìlú Dublin, 1922 sí 2022

Ní ọ̀sán ọjọ́ 30, oṣù Òkúdu, ọdún 1922, ìbúgbàù kan mi àárín gbùngbùn ìlú Dublin tìtì. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni Four Courts, ọgbà ilé ẹjọ́ ńlá tí ó wà létí odò Liffey. Láti oṣù Igbe ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun tí kò fara mọ́ àdéhùn tí àwọn aṣojú Ireland bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ti gba ọgbà náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28, oṣù Òkúdu, àwọn ọmọ ogun ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìbọn àgbá lù wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta ni ìbúgbàù náà ṣẹlẹ̀, iná sì ti gba ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ náà, èyí tí í ṣe Public Record Office of Ireland, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí. Ìwé àti awọ ẹran tí àwọn akọ̀wé ti kọ nǹkan sí láti bí 700 ọdún ni ó wà níbẹ̀. Atẹ́gùn gbé àjákù wọn kiri ojú ọ̀run ìlú. Wọ́n rí òmíràn he ní Howth, létí òkun, tí ó lé ní kìlómítà 10 sí ibi tí iná ti ń jó.

Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ẹ̀bi náà jẹ́ tirẹ̀: ṣé ohun ìjà olóró tí àwọn tí ó wà nínú ọgbà kó pa mọ́ síbẹ̀ ni, àbí ìbọn àgbá tí àwọn tí ó wà níta ń yìn. Ìhà méjèèjì ni ó di ẹ̀bi ru ara wọn láti ọjọ́ náà. Kò sí ìhà kankan tí ó jẹ́wọ́ pé ìwé ni òun fẹ́ sun. Ìyẹn ni ó mú kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí àkọsílẹ̀ ṣe ń parẹ́, nítorí pé nígbà púpọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ìwé ni ó ń pa ìwé run. Ẹni tí ó ń lépa nǹkan mìíràn, tí kò sì rántí ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó sábà máa ń ṣe é.

Òfin ọdún 1867 ni ó dá ilé náà sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, oríṣiríṣi ibi ni àwọn ìwé ìjọba wà káàkiri Dublin, òmíràn nínú yàrá tí òjò ń jò, òmíràn nínú àjà ilẹ̀ tí ọ̀rinrin ti bò. Ìdáhùn ìjọba sí àìbìkítà yìí ni kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Record Treasury, ilé ìṣúra ìwé, wọ́n sì kọ́ èkejì sí iwájú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí ó bá wá kàwé. Wọ́n fi àlàfo sáàárín méjèèjì kí iná tí ó bá mú ilé àwọn òṣìṣẹ́ má baà ran ilé ìṣúra. Ọgbọ́n gidi ni. Àlàfo náà sì ṣiṣẹ́ ní 1922, ṣùgbọ́n òdì-kejì ohun tí wọ́n fẹ́ ni ó ṣe: inú ilé ìṣúra ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni àlàfo dáàbò bò. Àwọn ayàwòrán ilé náà ti ronú dáadáa nípa fìtílà àti iná ìdáná. Kò sí ẹni tí ó ronú nípa ogun.

Bí ilé náà ṣe ń gba ìwé wọlé ni ewu ń pọ̀ sí i. Nígbà tí Church of Ireland kì í ṣe ìjọ ìjọba mọ́, àwọn òfin tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1870 sí 1879 sọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn ìjọ náà di ìwé ìjọba, wọ́n sì ní kí wọ́n kó wọn wá sí Dublin. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bá lè fi hàn pé òun ní ibi ìpamọ́ tí ó dára nìkan ni ó lè mú tirẹ̀ dúró. Ìwé ìjọ tí ó lé ní 1,000 ni ó tipa bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé ìṣúra ní ọjọ́ tí iná ṣẹ́ yọ, díẹ̀ báyìí ni ó sì yọ. Èyí tí ó kù fún àwọn aṣèwádìí lónìí ni ti àwọn ìjọ tí kò kó tiwọn wá, àti ti àwọn àlùfáà mélòó kan tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó da ìwé wọn kọ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn aládùúgbò wọn ti máa wo irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń fi àkókò ṣòfò.

Ó yẹ kí a má di gbogbo ẹrù ru iná nìkan. Láti ọdún 1821 ni wọ́n ti ń ka àwọn ènìyàn Ireland ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ti 1821, 1831, 1841 àti 1851 ni ó jóná ní Four Courts, àfi àwọn ìdá kékeré kan. Ṣùgbọ́n ti 1861 àti 1871 kò dé ibẹ̀ rárá: ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí a pa wọ́n run lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iye ènìyàn jáde nínú wọn. Ti 1881 àti 1891 ni wọ́n kó lọ lọ̀ di bébà tuntun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí bébà di ọ̀wọ́n. Ìwé méjì tí ó kù, ti 1901 àti 1911, yè nítorí pé wọn kò tíì kó wọn dé ilé ìṣúra náà. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Èkó tàbí ní Houston lè ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó sun nínú ilé kan ní Dublin ní alẹ́ ọjọ́ ìkànìyàn 1911, láìsan kọ́bọ̀. Nínú ìkànìyàn mẹ́jọ tí ó wáyé láti 1821 sí 1891, mẹ́rin ni ogun mú lọ, mẹ́rin ni àṣẹ ìjọba mú lọ. Àwọn tí wọ́n ń dárò iná náà kì í sábà mẹ́nu kan ìdajì kejì yìí.

Yorùbá ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ohun tí agbè jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé kan tí Herbert Wood, òṣìṣẹ́ àgbà nínú ilé náà, tẹ̀ jáde ní 1919, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú iná. Atọ́ka ni: ó to gbogbo ọ̀wọ́ ìwé tí ó wà nínú ilé ìṣúra lẹ́sẹẹsẹ, ilé ẹjọ́ tàbí ọ́fíìsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, àti ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí sí. Wood kò mọ̀ pé ohun tí òun ń kọ yóò di àkọsílẹ̀ òkú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó sọnù gan-an ti dá ìdajì iṣẹ́ ìwákiri. Ẹni tí ó pàdánù àpò tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ti pé nígbà tí wọ́n bá dá a padà.

Pẹ̀lú atọ́ka yìí lọ́wọ́, àwọn òpìtàn wá lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́: ta ni ó ti fọwọ́ kan ìwé yìí rí, tí ó sì da á kọ? Ìdáhùn pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní sẹ́ńtúrì 13 àti 14, akápò ọba ní Ireland ní láti gbé ìṣirò owó rẹ̀ lọ sí Westminster kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹ̀dà ìwé owó náà wà ní London títí di òní. Ọba tí kò fọkàn tán akápò rẹ̀ ni ó pa ìtàn Ireland mọ́ láìmọ̀. Láti 1810 sí 1830, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba yàn da ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kọ láti fi wọ́n ṣe ìwé títẹ̀. William Betham, tí ó jẹ́ olórí àwọn amòye ìran àti àmì ìdílé ní Dublin, ṣa kókó ìwé ìhágún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde nítorí àwọn ìran tí ó ń to papọ̀. Tenison Groves, ẹni tí ń fi wíwá ìran fún àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ jẹun, ti da apá kan nínú ìwé ìkà-ẹlẹ́sìn ọdún 1766 kọ kí iná tó jó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní i lọ́kàn láti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fún orílẹ̀-èdè. Ìṣòwò, ìfura àti ìfẹ́ ìran ẹni ni ó tì wọ́n.

Èyí tí ó ya ni lẹ́nu jù ni ti àwòrán ilẹ̀. Láàárín ọdún 1650 sí 1659, William Petty darí wíwọn ilẹ̀ Ireland, kí ìjọba Cromwell lè pín ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì. Iná kan tí ó jó ní Dublin ní 1711 ba ọ̀pọ̀ nínú àwòrán náà jẹ́, ti 1922 sì jó ìyókù. Àmọ́ ní 1707, ọkọ̀ òkun kan ń gbé odidi ọ̀wọ́ ẹ̀dà àwòrán àwọn àgbègbè lọ sí London, àwọn ajagun ojú omi ilẹ̀ Faransé sì gbà á lójú ọ̀nà. Ilé ìkàwé ìjọba Faransé ní Paris ni ẹ̀dà náà wà láti ìgbà náà wá. Ohun tí a jí gbé ni ó yè. Èyí tí a ṣọ́ ni ó jóná.

Òǹkàwé Yorùbá kò ní ṣàì rántí ìwé tirẹ̀ níbí. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, lo ogún ọdún ó lé láti kó ìtàn Yorùbá jọ lẹ́nu àwọn arọ́kìn àti àwọn àgbà. Ìwé tí ó fọwọ́ kọ tí ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí sẹ́ńtúrì 19 sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí í ṣe dókítà, ni ó padà jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ ráńpẹ́ àti àkọ́kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi tuntun ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e ni ọkọ̀ ogun Jámánì gbà lójú òkun ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1916, tí wọ́n sì wà á lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ó tó tẹ ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ìwé náà jáde ní 1921, ọdún kan lẹ́yìn tí Obadiah náà ti kú, ọdún kan ṣáájú iná Dublin. Ohun tí ẹnikẹ́ni ń kà lónìí nínú ìwé ìtàn yẹn jẹ́ ohun tí a tún kó jọ, kì í ṣe ìwé tí Samuel parí. Ibi tí ohùn ẹ̀gbọ́n pin sí tí ti àbúrò bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ kò yéé wádìí rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ó ń dojú kọ àwọn tí ń tún ilé ìṣúra Dublin kó jọ: ẹ̀dà tí a rí, ta ni ó dà á kọ, kí ni ó fò?

Nínú àkójọ-dátà òde òní, ìparẹ́ kì í mú èéfín wá. Òṣìṣẹ́ kan tẹ àṣẹ DELETE, ó gbàgbé gbólóhùn WHERE tí ó yẹ kí ó sọ ìlà tí àṣẹ náà kàn, gbogbo ìlà inú tábìlì náà sì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dá a lójú. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí fi wá ọ̀nà tí ènìyàn lè fi yí ìpinnu padà. Jim Gray, tí ó gba ẹ̀bùn Turing ní 1998, wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ èrò náà múlẹ̀ pé kí a di àwọn ìyípadà tí ó jọ lọ papọ̀ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo: bí a bá fi BEGIN ṣí i, kò sí ohun tí ó di ti gidi títí a ó fi sọ pé COMMIT. Bí a bá rí àṣìṣe kí ó tó di ìgbà náà, ROLLBACK yóò dá ohun gbogbo padà sí bí ó ti wà. Ẹ̀rọ náà tún máa ń kọ gbogbo ìyípadà sínú ìwé ìgbésẹ̀ kan kí ó tó fọwọ́ kan tábìlì fúnra rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, nínú irú ẹ̀rọ bíi PostgreSQL, ẹni tí ó ní ẹ̀dà ìpamọ́ alẹ́ àná àti ìwé ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé e lè mú àkójọ náà padà wá sí ìṣẹ́jú kan ṣáájú àṣìṣe. Wood ni ó kọ atọ́ka Dublin. Ẹ̀rọ ni ó ń kọ ti òde òní, ní gbogbo ìgbà, láìsinmi.

Ọ̀nà ìdènà kò ṣòro láti kà: kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkà má ní àṣẹ ìparẹ́, kí a máa fi àmì ìparẹ́ àti ọjọ́ sí ìlà dípò kí a yọ ọ́ dànù, kí ẹ̀dà wà ní ibi tí ó ju ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan nínú wọn sì jìnnà sílé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì mú ni pé ẹ̀rọ kejì tí ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kìíní bá ṣe lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ẹ̀rọ kìíní bá pa nǹkan rẹ́, èkejì yóò pa á rẹ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìgbọràn pípé. Ilé-iṣẹ́ GitLab rí èyí ní ọjọ́ 31, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ kan tí ó rẹ̀ fẹ́ pa àpò dátà ẹ̀rọ kejì rẹ́ kí ó lè tún un tò, ẹ̀rọ kìíní ni ó sì pa á lórí. Ó dá a dúró kíákíá, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 300 gígábáìtì ti lọ. Nígbà tí wọ́n yíjú sí àwọn ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó yẹ kí ó máa wọlé lójoojúmọ́, àpò náà ṣófo. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ìpamọ́ náà ti ń kùnà, ìkìlọ̀ tí ó ń fi ránṣẹ́ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó gbà wọ́n ni àwòrán dátà kan tí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ yà ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Àlùfáà tí ó da ìwé kọ kí ó tó fi í ránṣẹ́ nìyẹn, ní sẹ́ńtúrì 21.

Ní Dublin, ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Ní oṣù Èrèlé 2015 ni ìjọba Ireland ti gbé ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ Yvonne Murphy, láti yẹ àwọn ilé tí wọ́n máa ń fi àwọn obìnrin tí ó lóyún láìṣègbéyàwó sí wò. Iṣẹ́ Catherine Corless ni ó ta ìjọba jí. Òun ni ó fi ìwé ẹ̀rí ikú tí ìjọba pa mọ́ to orúkọ ọmọ 796 tí wọ́n kú ní ilé irú bẹ́ẹ̀ ní Tuam, láìsí àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ilé 18 ni ìgbìmọ̀ náà wádìí, ó sì ṣírò pé nǹkan bíi 56,000 obìnrin àti 57,000 ọmọ ni ó gba inú wọn kọjá, tí nǹkan bíi 9,000 nínú àwọn ọmọ náà sì kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwádìí yìí ni wọ́n ṣètò yàrá ìgbọ́rọ̀ ìkọ̀kọ̀, níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti lè wá sọ ohun tí ojú wọn rí. Ènìyàn 550 ni ó wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àgbàlagbà. Fún àwọn mìíràn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọjọ́ 12, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2021. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó hàn sí gbangba pé wọ́n ti pa ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà rẹ́. Kò sí àdàkọ ọ̀rọ̀ wọn ní kíkún. Àlàyé ìgbìmọ̀ ni pé wọ́n ti sọ fún àwọn ẹlẹ́rìí pé kìkì láti ran olùkọ̀ròyìn létí ni wọ́n ṣe gba ohùn náà, àti pé wọn yóò pa á rẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí àṣírí. Àwọn ẹlẹ́rìí kan ní àwọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ka ìròyìn náà, wọ́n sì sọ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn sọ. Ohun tí ó mú kí ìparẹ́ náà dùn wọ́n wọra nìyí: bí ìwé bá sọ pé mo ní bẹ́ẹ̀, tí mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀, ohùn mi nìkan ni ó lè ṣèdájọ́ láàárín àwa méjèèjì.

Àjọ tí ń dáàbò bo dátà ní Ireland, Data Protection Commission, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà. Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé ọjọ́ 28, oṣù Èrèlé ni òfin ní kí ìgbìmọ̀ náà túká. Ní oṣù Èrèlé kan náà ni Roderic O'Gorman, mínísítà ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, kéde pé wọ́n ti rí téèpù ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó wà ní ibi mìíràn, àti pé ohùn náà wà lórí rẹ̀. Ohùn àwọn ẹlẹ́rìí padà wá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ túká, gbogbo àkójọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mínísítà náà, níbi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti lè lo ẹ̀tọ́ tí òfin dátà ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Èbìbí 2018, fún un láti béèrè ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbí. Ìparẹ́ yìí kì í ṣe ti ọwọ́ tí ó ṣèèṣì. Ìpinnu ni, àwọn tí ó ṣe é sì ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é: ẹni tí a ṣèlérí àṣírí fún kò yẹ kí ohùn rẹ̀ máa dúró síbì kan láìní olówó. Téèpù ìpamọ́ kò mọ èyí. A ṣe é fún àṣìṣe, kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àṣìṣe àti ìpinnu. Ohun gbogbo tí ó wà lórí ẹ̀rọ ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ó ń gbé pamọ́. Fún ẹlẹ́rìí tí ó fẹ́ kí a gbọ́ òun, àánú ńlá ni. Fún ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí fún pé ohùn rẹ̀ yóò parẹ́, tí ó sì sọ ohun tí ó sọ nítorí ìlérí náà, téèpù kan náà ti sọ ìlérí di asán. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí ni pé kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́rìí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé àti ìbuwọ́lù, èwo ni wọ́n fẹ́ nínú méjèèjì. Ìbéèrè tí ẹnu ènìyàn ì bá yanjú ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún téèpù. Ẹni tí ń ṣètò àkójọ-dátà tí ó ní ọ̀rọ̀ ènìyàn nínú gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ orí ẹ̀dà ìpamọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń kọ ti dátà fúnra rẹ̀: ìgbà tí a ó dá a dúró dà, ta ni ó lè ṣí i, nígbà wo ni òun náà yóò parẹ́.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 27, oṣù Òkúdu, ọdún 2022, wọ́n ṣí Virtual Record Treasury of Ireland fún gbogbo ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgọ́rùn-ún ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta ni iná náà pé. Trinity College ní Dublin ni ó darí iṣẹ́ náà, lábẹ́ òpìtàn Peter Crooks, pẹ̀lú àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin, London àti Belfast, àti Irish Manuscripts Commission. Wọ́n yà àwòrán ilé ìṣúra tí ó jóná náà sórí kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn lè máa wò kiri inú rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n rí ní ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́ káàkiri ayé ni wọ́n so mọ́ ipò tí ojúlówó rẹ̀ wà nínú atọ́ka Wood. Ní ọjọ́ ìṣílé, àkọsílẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó 150,000, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè wá inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 50. Ẹ̀rọ tí ń ka ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ kíkà náà, àwọn onímọ̀ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó tóbi ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a yìn jù nínú rẹ̀ ni pé kò dọ́gbọ́n bo àlàfo mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é kọ ìwé ìṣirò kan tí ó sọ ohun tí ó sọnù àti ohun tí ó yè, ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ń ya ojúlówó tí iná kò jó sọ́tọ̀ sí ẹ̀dà tí ẹlòmíràn dà kọ, wọ́n sì ń ya àdàkọ kíkún sọ́tọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìhágún kan láti ọwọ́ Betham mọ̀ pé Betham ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀, kì í ṣe olóògbé náà. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ì bá ti ran àwọn tí ń ka Johnson lọ́wọ́ púpọ̀.

Àwọn àjákù tí wọ́n wú jáde nínú ẹ̀rún ilé náà ní 1922 ni wọ́n fi bébà dì, tí wọ́n sì gbé sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé iná ti mú kí awọ wọn ká kò, tí ó sì le bí igi. Àwọn atúnwèéṣe ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin ti ń tú wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mú wọn rọ̀, wọ́n ń tẹ́ wọn, wọ́n sì ń ya àwòrán wọn sínú ilé ìṣúra tuntun náà. Lára àwọn ọ̀wọ́ ìwé tí Wood kọ sílẹ̀ ní 1919, ọ̀pọ̀ ni kò tíì ní ẹ̀dà kankan. Orúkọ wọn ṣì wà nínú atọ́ka, ibi tí ó yẹ kí ìwé wà sì ṣófo.